Ìlànà Tí Kò Lórúkọ: Ìtàn Àmì Ìkọ̀wé Tuntun Láàrin Kọ̀ǹpútà àti Èdè Wa

Ní ọjà Adjamé ní ìlú Àbíjàn, kò ṣòro láti gbọ́ èdè Yorùbá. Àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn ará ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń ṣòwò ní ìlú náà láti ìran dé ìran, Ànàgó sì ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Jẹ́ kí a fojú inú wo ìyá aláṣọ kan tí ó fẹ́ kúrò ní ìsọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó sọ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé, "Iye tí o bá bá lára aṣọ, fi 500 sẹ́fà lé e kí o tó pe owó rẹ̀ fún oníbàárà." Ohun tí ó fi lé ọmọ náà lọ́wọ́ kì í ṣe iye owó kan pàtó. Ìlànà ni: ó ń gba iye kan wọlé, ó sì ń dá iye mìíràn padà. Ìlànà yìí kò ní orúkọ, kò sì sí ẹni tí ó ronú láti fún un ní ọ̀kan, nítorí ibi tí a ti sọ ọ́ náà ni a ti lò ó. Bí ìyá bá ti dé, ó parí.

Àwọn tí ó ń ṣe èdè ìṣètò fún kọ̀ǹpútà mọ irú ìlànà yìí dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ irú èdè bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá kọ ìlànà kan a máa kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ, kí ó lè fi orúkọ náà pè é nígbà tí ó bá tún nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìlànà kan wà tí wọ́n kéré, tí a ó lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàrin gbólóhùn mìíràn, tí orúkọ yóò sì di ẹrù lé wọn lórí. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; irú ìlànà yìí kò ní ilé tí a lè wò, àlejò tí kò ní sùn ni. Kò sí ẹni tí ó ń jiyàn pé ó wà. Ibi tí ìjà wà ni bí a ó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Àmì wo ni yóò sọ fún òǹkàwé pé ìlànà aláìlórúkọ ni ó bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín?

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó tọpa ìtàn àwọn àbá tí wọ́n ti dá lórí ìbéèrè náà láti 1932 títí di ìgbà tiwa. A ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àbá mìíràn tí wọ́n dá ní Àbíjàn, èyí tí ó jẹ mọ́ bí a ó ṣe kọ ohùn nínú àwọn èdè Côte d'Ivoire. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ohun tí à ń fẹ́ kọ ti wà lẹ́nu tàbí lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Àmì rẹ̀ nìkan ni kò sí. Bọ́tìnnì tí ó wà lábẹ́ ọwọ́ sábà máa ń pinnu àmì tí a ó kọ́kọ́ mú, ṣùgbọ́n òǹkàwé ni ó ń pinnu bóyá àmì náà yóò pẹ́.

Lágbájá àti Láḿdà

Èdè Yorùbá ní ohun èlò tirẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí a kò tíì dárúkọ, a máa ń pè é ní Lágbájá. Bí ó bá di ẹni méjì, a ó fi Tàmẹ̀dò kún un. Lágbájá nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Àyè ni a fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá dé. Nínú ìmọ̀ ìṣirò, lẹ́tà x ni ó ń ṣe iṣẹ́ Lágbájá. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ "x + 500", ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú. A kò mọ̀ bóyá iye kan ni à ń sọ, tí a kàn fi x bo ojú rẹ̀, tàbí ìlànà ìyá aláṣọ ni, èyí tí ó ṣetán láti gba iyekíye. Ìyàtọ̀ yìí ni Alonzo Church, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, fi hàn nígbà tí ó lo lẹ́tà Gíríìkì tí à ń pè ní láḿdà (λ) nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1932. Ohun tí ó bá tẹ̀lé λ ni Lágbájá. Ohun tí ó kù ni ohun tí a ó ṣe fún un.

Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ λ? Ìtàn méjì ni Church fúnra rẹ̀ sọ. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ ní 1964, ó ní láti ara iṣẹ́ Whitehead àti Russell ni ó ti wá. Àwọn wọ̀nyí a máa dé fìlà kékeré lé x lórí. Kí àmì tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí tiwọn, Church gbé fìlà náà kúrò lórí lẹ́tà, ó fi í síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́ di λ kí iṣẹ́ àwọn atẹ̀wé lè rọrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ lọ, ó sọ fún àwọn tí ó bi í pé òun kàn nílò àmì kan ni, λ sì ni ó bọ́ sí òun lọ́wọ́. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́ òtítọ́ nínú méjèèjì, kò sí ibi kankan tí ó ti sọ pé λ ní ìtumọ̀ kan tí ó bá iṣẹ́ náà mu ju lẹ́tà mìíràn lọ.

Bọ́tìnnì Tí Ó Wà Lábẹ́ Ọwọ́

Ní 1958, John McCarthy bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èdè kọ̀ǹpútà kan tí ó pè ní Lisp ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT. Ó tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1960. Ó gba èrò Church wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ń lò kò ní lẹ́tà Gíríìkì. Lẹ́tà ńlá Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn àmì díẹ̀ ni ó wà lórí káàdì tí wọ́n ń lu ihò sí. Nítorí náà ni λ, tí ó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, fi di odindi ọ̀rọ̀: LAMBDA. Ọ̀rọ̀ yìí kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò bá mọ ìtàn Church, síbẹ̀ òun ni ó wọ inú ọ̀pọ̀ èdè tí ó tẹ̀lé Lisp.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ nínú Lisp tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè fi sọ́kàn. Ọ̀nà ìkọ̀wé méjì ni McCarthy ṣe. Ó pète pé kí àwọn ènìyàn máa lo ọ̀kan, èyí tí ó jọ ìkọ̀wé ìṣirò. Èkejì, tí ó kún fún àkámọ́, wà fún ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń lo èdè náà kò dúró de èyí tí ó dára. Wọ́n mú èyí tí ẹ̀rọ ń kà, wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ó mọ́ wọn lára, èyí tí a pète fún wọn sì di ohun ìtàn. Ẹni tí ó dá àbá kò ní agbára lórí ohun tí ó bá ti mọ́ ènìyàn lára.

Àwọn tí ó ṣe èdè Haskell, tí ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1990, wá ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n wo àwọn bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, wọ́n wá èyí tí ó jọ λ. Ìlà tí ó dà sẹ́yìn (\) ni wọ́n rí. Báyìí ni ìlànà ìyá aláṣọ yóò ṣe rí nínú Haskell: \x -> x + 500. Ní 2021, èdè R, tí àwọn onímọ̀ ìṣirò-ìwádìí ń lò, gba àmì kan náà wọlé fún àwọn ìlànà kúkúrú. Láti 1932 dé 2021, fìlà tí ó wà lórí x ti sọ̀kalẹ̀, ó ti di lẹ́tà, ó ti di ọ̀rọ̀, ó sì ti di ìlà kan ṣoṣo. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà rárá. Ohun tí ó ń yí padà ni irinṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé.

Àbá Àbíjàn, 1979

Irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, láti orí lẹ́tà wá sí iwájú, ni àmì ohùn rìn ní Côte d'Ivoire. Ní 1977, òfin àtúntò ètò ẹ̀kọ́ gbé iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀ àwọn èdè ìbílẹ̀ fún ilé-ìwé lé Institut de Linguistique Appliquée lọ́wọ́, èyí tí à ń pè ní ILA, ní Yunifásítì Àbíjàn. Ní 1979, ILA tẹ ìwé Une orthographe pratique des langues ivoiriennes jáde, wọ́n sì fi dá àbá àkọtọ́ tí ó lè wúlò fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n tó bí ọgọ́ta.

Ohun tí ó le jù níbẹ̀ ni ohùn. Àwọn Dan, tí a tún ń pè ní Yacouba, ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ní agbègbè ìlú Man. Ìpele ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní. Dan ti ìlà-oòrùn ní márùn-ún. Bí a bá ní kí a kọ wọ́n sórí fáwẹ̀lì bí a ṣe ń kọ tiwa, báwo ni táípúráítà tí wọ́n ṣe fún èdè Faransé yóò ṣe tẹ̀ wọ́n? Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wo bọ́tìnnì tí ó wà nílẹ̀. Wọ́n mú àwọn àmì tí a fi ń pín gbólóhùn, wọ́n sì fi wọ́n síwájú ọ̀rọ̀. Àmì kékeré tí ó wà lókè (') dúró fún ohùn òkè; bí ó bá jẹ́ méjì, ó dúró fún ohùn tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà kúkúrú (-) dúró fún ohùn ìsàlẹ̀. Ohùn àárín kò gba àmì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú Yorùbá. Margrit Bolli, onímọ̀ èdè tí ó ṣiṣẹ́ lórí Dan pẹ̀lú ẹgbẹ́ SIL, kọ àpilẹ̀kọ lórí ọ̀nà yìí ní 1978, àwọn èdè mìíràn ní apá ìwọ̀-oòrùn sì gbà á wọlé pẹ̀lú.

Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba. Kò sí ẹ̀rọ tuntun tí a ní láti rà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní táípúráítà ọ́fíìsì lè kọ ìwé ní èdè Dan pẹ̀lú ohùn rẹ̀ ní pípé. Òǹkàwé pẹ̀lú ti rí ohùn kí ó tó ka ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé Church ti rí λ kí ó tó dé ibi iṣẹ́ náà.

Bí ó ti wù kí ó rí, ohun tí ó rọrùn fún táípúráítà di ẹrù fún kọ̀ǹpútà. Àmì tí a yá lọ́wọ́ iṣẹ́ mìíràn kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Bí ènìyàn bá tẹ àmì òkè síwájú ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà lè rò pé ó fẹ́ fa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn yọ, kí ó sì tẹ àmì náà kọdọrọ. Bí ó bá tẹ ìlà kúkúrú, kọ̀ǹpútà lè ka ìlà náà sí èyí tí ó ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ní ẹ̀wádún 2010, wọ́n dá àbá mìíràn fún Dan ti ìlà-oòrùn, pé kí àmì ohùn padà sórí fáwẹ̀lì. Ṣùgbọ́n nígbà náà, àwọn ènìyàn ti wà tí ó jẹ́ pé àmì àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ ìwé kíkà. Fún wọn, àtúnṣe túmọ̀ sí pé kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni Tí Ó Kọ̀ Láti Yá Àmì

Ẹnì kan ti wà ní ẹ̀gbẹ́ Àbíjàn ṣáájú èyí tí kò gbà láti yá àmì kankan. Solomana Kanté, ọmọ ilẹ̀ Guinea, ń gbé ní Côte d'Ivoire ní ẹ̀wádún 1940. A gbọ́ pé ìwé kan ni ó kà ní Bouaké, èyí tí oníròyìn ará Lẹ́bánónì kan kọ, tí ó sọ pé èdè àwọn aláwọ̀ dúdú kò ṣeé kọ sílẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́tà Lárúbáwá, ó gbìyànjú lẹ́tà Látìn, méjèèjì kò gbé ohùn àwọn èdè Mandé bí ó ti fẹ́. Ní 1949, ní Bingerville, ó gbé lẹ́tà tuntun jáde tí ó pè ní N'Ko, pẹ̀lú àmì ohùn tirẹ̀.

Kanté kò wo bọ́tìnnì ẹnikẹ́ni. Etí rẹ̀ ni ó tẹ́ sí èdè. Ó sì san owó rẹ̀. Ọdún 2006 ni N'Ko tó wọ inú Unicode, ìyẹn ètò àgbáyé tí ó ń fún gbogbo lẹ́tà ní nọ́ńbà kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ wọ́n. Ọdún 57 ni ó fi dúró. Síbẹ̀ kò kú láàrin àkókò náà, nítorí pé àwọn tí ó ń kà á pọ̀, wọ́n ń dà á kọ lọ́wọ́, wọ́n sì ń fi kọ́ ọmọ wọn.

Ìjiyàn Lórí Òǹkàwé

Nígbà tí bọ́tìnnì kò jẹ́ ìṣòro mọ́, ìjiyàn àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò tán. Ó kàn yí sọ́dọ̀ òǹkàwé ni. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ mẹ́ta.

Èdè Python, tí Guido van Rossum dá sílẹ̀, gba ọ̀rọ̀ lambda wọlé ní 1994. Ìlànà ìyá aláṣọ nínú rẹ̀ ni: lambda x: x + 500. Ṣùgbọ́n ìlànà oníṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó lè gbé. Nínú Python, àyè tí a fi sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ni ó ń fi hàn pé iṣẹ́ kan wà lábẹ́ òmíràn, kò sì rọrùn láti ki ìlà púpọ̀ sáàrin gbólóhùn kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dá àbá bí a ṣe lè ṣe é. Ní 2005, van Rossum tilẹ̀ fẹ́ yọ lambda kúrò pátápátá. Àríyànjiyàn gùn, ó sì fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Ní 2006, ó kọ àlàyé pé kíkọ́ èdè kì í ṣe títú àlọ́ lásán. Àbá kan lè yanjú ìṣòro lójú ẹ̀rọ, kí ó sì ba ojú ìwé jẹ́ fún ẹni tí yóò kà á. Nígbà tí Python 3 jáde ní 2008, lambda wà níbẹ̀, kò gùn sí i, kò sì kúrú.

Ní ti Java, láti 1997 ni ènìyàn ti lè kọ ìlànà láìsọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ó ní láti kó o sínú àpótí tí ó gba ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ ìlà kan. Ní 2006, àbá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti wà nílẹ̀, àwọn ògbóǹtarìgì sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò fẹnu kò. Ní 2011 ni ẹgbẹ́ tí Brian Goetz ṣe olórí rẹ̀ yan ọfà, ó sì wọ Java 8 ní 2014: x -> x + 500. Àlàyé tí wọ́n ṣe kò sọ pé ọfà ni ó dára jù láyé. Wọ́n ní kò sí àmì tí ó borí gbogbo àmì yòókù, àti pé èdè C# àti Scala ti lo ohun tí ó jọ ọ́, ojú àwọn ènìyàn sì ti mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́jọ ni ìjiyàn náà gbà, ìfojúmọ̀ ni ó sì parí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni PHP. Ní 2009 ó gba ìlànà aláìlórúkọ wọlé pẹ̀lú odindi ọ̀rọ̀ function. Ní 2019, wọ́n dìbò, wọ́n sì gba ẹ̀dà kúkúrú: fn($x) => $x + 500. Lẹ́tà méjì péré ni, ó sì dùn ún tẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni fn ti di ti èdè fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti sọ ìlànà tirẹ̀ ní fn tẹ́lẹ̀ ní láti lọ yí i padà. Kí aláìlórúkọ lè rí àmì, ẹnì kan ní láti pàdánù orúkọ. Kò sí àmì ọ̀fẹ́.

Ohun Tí Ó Kàn Wá

Àwa tí à ń kọ́ni ní èdè Yorùbá kò lè ka ìtàn yìí bí ìtàn àjèjì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn òjíṣẹ́ ìjọ CMS, tí Samuel Ajayi Crowther wà lára wọn, fi àmì sábẹ́ e, o àti s. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 sì tún gbé àkọtọ́ náà yẹ̀ wò. Ní 1975, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin lórí lẹ́tà àwọn èdè orílẹ̀-èdè náà, Yorùbá ibẹ̀ sì ń lo ɛ àti ɔ. Ìró kan náà, ẹnu kan náà, àmì méjì, ààlà kan láàrin. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Treichville, tí ó ń kọ́ Faransé ní ilé-ìwé, lè gba ìwé láti Ìbàdàn lónìí, kí ó gba òmíràn láti Porto-Novo lọ́la, kí ó sì rò pé èdè méjì ni. Bí ọmọ kan náà bá ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì méjì péré ni yóò tẹ̀ láti kọ fn. Láti kọ ẹ́, ó nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Unicode kò fún ẹ tí ó ní àmì lórí ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe ni a ní láti to lẹ́tà àti àmì jọ.

Nítorí ìnira yìí ni a fi ń gbọ́ àbá lóòrèkóòrè pé kí a yọ àmì ohùn kúrò tàbí kí a pààrọ̀ àmì abẹ́ lẹ́tà. A kò sọ pé kí a má gbọ́ irú àbá bẹ́ẹ̀. Ìtàn tí a tọpa rẹ̀ fún wa ní ìbéèrè mẹ́ta tí ó yẹ kí a bi ẹnikẹ́ni tí ó bá mú un wá. Èkíní: kí ni a kò lè kọ lónìí tí àbá yìí yóò jẹ́ kí a lè kọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ìka nìkan ni yóò sinmi, kí a rántí pé ẹ̀ẹ̀kan ni à ń kọ ìwé, ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó lè kà á. Èkejì: ẹ̀rọ wo ni a ń ṣe é fún, yóò sì ti pẹ́ tó? Táípúráítà tí ó pinnu àmì Dan ti kúrò lórí tábìlì, àmì náà kò sì bá a lọ. Ẹ̀kẹta: ta ni yóò pàdánù ohun tí ó ti mọ̀ kí àmì tuntun lè rí àyè, ṣé a sì ti bi í?

Ìbéèrè kẹta yìí ni a máa ń fò jù. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú gbogbo ìjà wọn, kọ àbá wọn sílẹ̀, wọ́n jiyàn ní gbangba, nínú PHP wọ́n tilẹ̀ dìbò. Ẹni tí yóò lo àmì lè mọ ìgbà tí wọ́n yan án àti ìdí rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ àkọtọ́ wa, ìgbìmọ̀ ni ó sábà máa ń jókòó, tí ó máa ń dìde, tí olùkọ́ abúlé yóò sì gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, bí ó bá gbọ́ rárá. Bí a óò bá tún dá àbá kan fún àkọtọ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí a pe olùkọ́ Èjìgbò, ti Kétu àti ti Àbíjàn sí i kí a tó fẹnu kò, nítorí ọwọ́ wọn ni àwọn òǹkàwé wà.